Ẹni Tó Ń Bá Mi Tọ́ Kíríìmù Sàláàdì Wò

                                        Agboolé Abógúnrìn,
                                        Òkèrèwè,
                                        Ilé-Ifẹ̀,
                                        Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
                                        Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, ọdún 2025.

Ràódàt, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Àsàláámù àlékùm o. Ṣé àlàáfíà lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, ṣé wọ́n ń gba ààwẹ̀ délẹ̀, àbí ààbọ̀ ààwẹ̀ ni wọ́n ń gbà bíi tiwa nígbà náà, tá a máa mumi nídìí kànga tán, tá a ó tún máa fi ahọ́n lá ètè bí ẹni tí òùngbẹ fẹ́ pa? Orúnkún rẹ tó ń dùn ẹ́ ńkọ́? Mo gbọ́ pé o ti ń dá lọ sọ́jà báyìí, inú mi dùn gan-an. Ẹ kú ààwẹ̀ o, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ooru tí kò jẹ́ ká sùn yìí. Ọlọ́run yóò gbà á lọ́wọ́ gbogbo wa.

Bó o bá fẹ́ gbọ́ nípa tèmi, mo wà láàyè, ṣùgbọ́n ó rẹ̀ mí. Ràódàt, ó rẹ̀ mí débi pé bí mo bá jókòó láti bọ́ bàtà, màá gbàgbé ohun tí mo jókòó fún, màá kàn máa wo bàtà ni. Mo mọ̀ pé ó máa yà ẹ́ lẹ́nu pé lẹ́tà ni mo kọ. Fóònù mi ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n nínú ilé yìí, ohùn yòówù kí n fi ránṣẹ́ lórí Wásáàpù, Màmá, ìyá ọkọ mi, á ti bá mi dá sí i kí n tó sọ̀rọ̀ tán, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹsẹ̀ wọn ti darúgbó, etí wọn ò tíì mọ̀ sí i. Mojíre, obìnrin tó ń gbé yàrá tó kọjú sí tiwa, ń bọ̀ ní Ẹdẹ lọ́la, òun ni mo bẹ̀ kó mú un wá fún ẹ. Fún un lómi mu bí ilẹ̀ bá ti ṣú, nítorí òun náà ń gba ààwẹ̀.

Nígbà tó o pè mí lọ́jọ́sí, o ní kí n kọ́ ẹ ní kíríìmù tí mò ń dà sórí sàláàdì, èyí tí àbúrò rẹ jẹ lọ́dọ̀ mi tó ní ó ń dùn ó sì ń kan lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní màá sọ fún ẹ, mo sì dákẹ́. Má bínú. Ọ̀rọ̀ kíríìmù náà ti wọnú ọ̀rọ̀ Màmá lọ, mi ò lè sọ ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀ mọ́. Ohun tó bá ń dunni ló sì ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, nítorí náà wá ibi jókòó sí.

O mọ̀ pé bí mo bá ti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé tán lọ́sàn-án, sàláàdì ni mò ń gé lásìkò Ràmàdáànì, fún àwọn tó fẹ́ fi ṣínu. Látìgbà tí kíríìmù inú ìgò ti di ohun tí à ń wò lórí àtẹ tí à ń kọjá lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe tèmi. Kò le. Se ẹyin kó jinná dáadáa, kó o yọ pupa inú rẹ̀ sọ́tọ̀. Funfun rẹ̀, gé e sínú sàláàdì. Fi ṣíbí onígi tẹ pupa yẹn nínú abọ́ títí kò fi ní í ní kókó mọ́, kó o wá máa da òróró ẹ̀pà sí i díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kán oògùn sójú ọmọ ọwọ́. Bó o bá kánjú, ẹyin á gba ọ̀nà tirẹ̀, òróró á gba ọ̀nà tirẹ̀, kò sì sí ẹbí tó lè bá wọn parí ìjà náà. Lẹ́yìn ìyẹn, fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kó o sẹ́ ẹ, torí hóró rẹ̀ korò. Lọ àlùbọ́sà lórí ọlọ, omi rẹ̀ nìkan ni kó o fún sí i. Ata gbígbẹ, ní ìwọ̀n tí ọmọdé lè jẹ. Atalẹ̀ bíńtín. Oyin ló kẹ́yìn. Oyin gidi o, kì í ṣe èyí tí wọ́n fi ṣúgà sè. Lọ́dọ̀ ọkùnrin kan létí títì ní Edunabon ni mo ti ń ra tèmi, ọkùnrin náà máa ń ṣépè fún ara rẹ̀ kó tó tà á fún ẹ, kó o lè mọ̀ pé kò lù ú. Oyin yẹn ló ń jẹ́ kí kíríìmù lẹ̀ mọ́ ewé. Kó o wá da gbogbo rẹ̀ sínú ìgò, kó o dé e, kó o mì í títí apá á fi máa ro ẹ́. Kò sí iyọ̀ nínú tèmi, nítorí Màmá ni.

Ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ìwọ̀n kankan fún ẹ. Ọsàn wẹ́wẹ́ ìgbà òjò lómi nínú, ó sì rọ̀ lẹ́nu. Ti ẹ̀ẹ̀rùn yìí kéré, ó le, ó sì kan kọjá ààlà. Oyin náà, bí ti ìsinsìnyí ṣe rí kọ́ ni ti oṣù tó ń bọ̀ máa rí. Ahọ́n nìkan ló mọ ìgbà tí dídùn àti kíkan bára wọn dọ́gba. Ibẹ̀ ni wàhálà sì ti wọlé, nítorí pé lọ́wọ́ Àlàásárì tí mo bá ń pò ó, ààwẹ̀ wà lẹ́nu mi.

Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ. Ààfáà Kabir tó ń kírun fún wa náà sọ ọ́, pé alásè lè fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọbẹ̀ wò, kó sì tu ú dànù. Ṣùgbọ́n ìwọ wo èmi tí òùngbẹ ti ń gbẹ látàárọ̀, kí oyin kan mí lẹ́nu kí n wá ní màá tu ú dànù. Mi ò fọkàn tán ọ̀nà ọ̀fun mi tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nínú ààwẹ̀, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n. Iye ọsàn tí mò ń fún nígbà òjò náà ni mo fún, mo dà á sórí sàláàdì, mo sì fi ránṣẹ́ sí mọ́sáláṣí tí wọ́n ti ní kí n ṣe é fún àwọn.

Ilẹ̀ ṣú tán, mo rí Ààfáà Kabir lẹ́nu ọ̀nà wa. Wọ́n fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Wọ́n ní, “Ìyá Fọláyọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ṣùgbọ́n eyín díẹ̀ tó kù lẹ́nu èmi yìí, wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ síra wọn mọ́.” Wọ́n ní bàbá kan tó jókòó ní sáàfù iwájú di ojú pinpin lẹ́yìn tó fi ṣíbí kan sẹ́nu, gbogbo èèyàn sì ń ṣe “àmín, àmín,” wọ́n rò pé àdúrà ni bàbá ń gbà. Ẹ̀rín pa mí, omi sì bọ́ lójú mi pẹ̀lú, nítorí pé àtàárọ̀ ni mo ti wà lórí ìdúró. Lọ́jọ́ kejì mo fi oyin ṣàtúnṣe, ó sì wá dùn débi pé ẹnì kan bi mí bóyá ẹ̀kọ ni kí àwọn fi mu. Mojíre bá mi tọ́ ọ wò fún ọjọ́ mélòó kan, nǹkan sì dára. Àfi bí Léńtì tirẹ̀ náà ṣe dé. Gbogbo agboolé wá di alááwẹ̀, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́ẹ́nì. Fọláyọ̀ ọmọ mi wà ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọgbà yunifásítì, òun náà ń gbààwẹ̀. Ahọ́n kan ṣoṣo tí kò sí ẹrù lórí rẹ̀ nínú ilé yìí ni ti Màmá, a kì í sì í mẹ́nu bà á.

Jẹ́ kí n sọ ti Màmá. Ó ku díẹ̀ kí ààwẹ̀ wọlé ni wọ́n ṣubú nídìí ẹ̀rọ omi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n dá wọn dúró ní ọsibítù, Ọlọ́run sì bá wa ṣe é. Dókítà tó tọ́jú wọn, obìnrin onísùúrù kan, jókòó tì wọ́n lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ṣàlàyé pé kí wọ́n yàgò fún iyọ̀, kí wọ́n máa jẹ ewé, kí wọ́n sì máa lo oògùn wọn láàárọ̀ àti lọ́sàn-án lórí oúnjẹ. Ó ní kò sí ààwẹ̀ fún wọn lọ́dún yìí. Ó ní bí wọ́n bá ń lo oògùn náà lórí inú òfìfo, òòyì á máa kọ́ wọn, ìṣubú kejì sì lè má ṣeé gbé dìde. Màmá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sì ṣàdúrà fún un pé á bímọ, lẹ́yìn tó ti sọ pé òun ti bí mẹ́ta. A délé, wọn ò jẹun.

Ti àárọ̀ kò nira, wọ́n ń bá wa jẹ sààrì, wọ́n á sì lo oògùn wọn. Ti ọ̀sán ni mo sọ. Wọ́n ní oògùn ni Ọlọ́run yọ̀ǹda, kò sọ ti ìrẹsì. Ràódàt, láti ìgbà tí Màmá ti wà lọ́mọge ní Ìwó, wọn ò jẹ ọ̀sán Ràmàdáànì rí, àfi ìgbà tí ẹ̀sìn bá ní kí obìnrin má gbà á. Ojú ló ń tì wọ́n. Wọn ò fẹ́ kí ẹ̀dá kankan rí ẹnu wọn tó ń mì lójú oòrùn. Kí n tó lọ síléèwé, màá gbé oúnjẹ ọ̀sán sí yàrá wọn, bí mo bá dé, abọ́ á ti mọ́ tónítóní. Inú mi ń dùn. Àfìgbà tí mo ṣàkíyèsí pé adìẹ Mojíre kì í kúrò lábẹ́ fèrèsé Màmá mọ́, wọ́n sì ti sanra bí adìẹ ọdún. Nígbà tí mo bi Màmá, wọ́n ní ṣé àwọn ló ni adìẹ ni.

Ọkọ mi, Abdulwaheed, tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Àbújá, ti ra oúnjẹ fún àwọn aláìní dípò ààwẹ̀ wọn, bí ẹ̀sìn ṣe là á kalẹ̀. Ó rò pé ọkàn Màmá á balẹ̀. Ohun tí Màmá sọ fún mi ni pé, “Ẹ ti fi ìrẹsì ra ààwẹ̀ mi lọ́wọ́ mi. Ẹ ò tiẹ̀ bi mí bóyá mò ń tà á.” Ààfáà Kabir wá, wọ́n jókòó, wọ́n ka áyà fún wọn, wọ́n ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló yọ̀ǹda fún aláìsàn. Màmá ní, “Ẹ ṣé o, Ààfáà.” Ìyẹn náà ni gbogbo ẹ̀. Alaalẹ́ ni Abdulwaheed ń pè láti béèrè bóyá Màmá ti jẹun. Kò sí alẹ́ kan tó bi mí bóyá èmi jẹ. Mi ò fi bá a jà. Ó kàn rẹ̀ mí ni. Mo máa ń jí kí gbogbo ayé tó jí, mo ń se sààrì, mo ń lọ síléèwé, mo ń gé kábéèjì, mo ń bẹ Màmá, mo ń lọ kírun àṣáàmù lálẹ́. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo sùn lórí ìforíkanlẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ló fi ìgbọ̀nwọ́ ta mí, wọ́n ti sálámà tán.

Lọ́jọ́ tí Mojíre bẹ̀rẹ̀ Léńtì ni mo gbé ìgò kíríìmù tọ Màmá lọ. Mi ò gbọ́n ọgbọ́n kankan o, ìdààmú ló gbé mi lọ síbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹni tó lè bá mi tọ́ èyí wò àfi ẹ̀yin.”

Wọ́n wo ìgò, wọ́n wò mí. “Ṣé èmi ni aláìgbààwẹ̀ ilé yìí nìyẹn?”

Mo ní rárá o, ahọ́n àgbà ni mo ń wá. Wọ́n na ìka. Wọ́n tọ́ ọ wò, ojú wọn hunjọ, wọ́n ní, “Ta lo fẹ́ fi èyí pa?”

Mo fi oyin sí i. Wọ́n ní ó kù. Mo tún fi sí i. Wọ́n ní òróró ló ń sọ̀rọ̀ jù níbẹ̀, kí n wá ọsàn kan sí i. Nígbà tó yá wọ́n mi orí, wọ́n ní, “Gbé e lọ.” Sàláàdì ọjọ́ náà tán pátápátá, kò sì sí ẹnikẹ́ni tó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Láti ọjọ́ yẹn ni Màmá ti di ọ̀gá lórí mi. Bí wọ́n bá ti kírun ọ̀sán tán, wọ́n á ti jókòó lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á máa pè mí pé ṣé mo fẹ́ kí ilẹ̀ ṣú bá mi ni.

Ìgbà náà ni ọgbọ́n wá ṣí mi lójú. Mo sọ fún wọn pé kíríìmù ò ṣeé tọ́ wò lórí ìka, pé orí ewé ló ti ń sọ òtítọ́. Mi ò parọ́, bẹ́ẹ̀ ló rí. Mo gé kábéèjì àti kùkúńbà díẹ̀ sínú àwo kékeré, mo da kíríìmù lé e, wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tó yá mo fi ẹyin sí i, mo ní àwọn oníbàárà mi ń fẹ́ mọ bó ṣe rí lórí ẹyin. Mo fi ànàmọ́ sísè sí i. Mo fi ẹja tí mo ti yọ egungun rẹ̀ sí i. Àwo kékeré di àwo ńlá, mo sì máa ń gbé oògùn ọ̀sán sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ohun tí òun ń ṣe. Ara Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í le. Wọ́n ń bú mi dáadáa. Bó o bá rí wọn, wàá mọ̀ pé ara ti dé.

Ó bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ alásàlátù wọn wá kí wọn, ó bá wọn pẹ̀lú àwo lórí ẹsẹ̀. Kò ní ibi lọ́kàn. Ó kàn ní, “Háà, Alhájà, ẹ ò gbààwẹ̀ lọ́dún yìí ni?” Màmá ní àwọn ń bá ìyàwó àwọn tọ́ nǹkan wò ni. Obìnrin náà bojú wo inú àwo, ó rí ẹyin, ó rí ànàmọ́, ó rín ẹ̀rín, ó ní, “Ìtọ́wò yìí mà pọ̀ o.” Màmá náà rín in. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe lọ tán, wọ́n ti ìlẹ̀kùn, wọ́n sì gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, “Fàòsíyà, ìtọ́wò ni mo gbà fún ẹ. N ò gba oúnjẹ.” Wọn kì í pe orúkọ mi bẹ́ẹ̀, Ìyàwó ni wọ́n máa ń pè mí. Látìgbà náà, ìka ni wọ́n tún padà sí, ẹ̀ẹ̀kan péré, wọ́n á sì wọlé lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ òòyì kọ́ wọn láàárín ọ̀ọ̀dẹ̀. Ògiri ni wọ́n dì mú. Mo rí wọn, wọ́n sì rí mi pé mo rí wọn, wọ́n ní kí n má wo àwọn bẹ́ẹ̀. Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo sunkún títí mi ò fi mọ ohun tí mo ń sun mọ́. Mo ń rò ó pé màá kàn dé láti iléèwé lọ́jọ́ kan ni, màá bá wọn nílẹ̀.

Ohun tí mi ò sọ fún ẹnì kankan ni pé ibà ti ń ṣe èmi náà. Mo ti ra oògùn rẹ̀, mo ń retí alẹ́ kí n tó lò ó, bí alẹ́ bá sì dé, oorun ló ń gbé mi lọ. Ní Sátidé, mò ń gé káróòtì lọ́wọ́ nígbà tí ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú mi. Mo rọra jókòó sílẹ̀. Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ mi. Màmá gbọ́ ìró rẹ̀, mo sì gbọ́ ìró sálúbàtà wọn tí wọ́n ń wọ́ bọ̀. Wọ́n dúró lórí mi, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọrùn mi.

“Ara rẹ gbóná bí ààrò. Ìgbà wo ló ti ń ṣe ẹ́?”

Mo ní ó ti tó ọjọ́ mélòó kan.

“O ò sì ṣínu?”

Mo ní, “Màmá, ilẹ̀ ò ní í pẹ́ ṣú mọ́. Màá fara dà á.”

Wọ́n fa àpótí tí mo máa ń jókòó lé gé ẹ̀fọ́, wọ́n jókòó lé e. Wọ́n ń wò mí. Wọ́n wá ní, “Ààfáà ní Ọlọ́run yọ̀ǹda fún aláìsàn. Ṣé àìsàn tèmi nìkan ni Ọlọ́run mọ̀ ni?”

Ràódàt, ojú ń ti èmi náà. Kí Màmá tó bi mí léèrè, mi ò mọ̀ pé ìtìjú ni, mo ń pè é ní ìfaradà. Mo ń wò ó pé kí ni wọ́n máa sọ bí wọ́n bá gbọ́ pé èmi tí mò ń ta oúnjẹ ìṣínu fún gbogbo Òkèrèwè ń jẹun lọ́sàn-án. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tí mo ti bẹ Màmá látọjọ́ yìí, mi ò mọ ohun tí mò ń bẹ̀ wọ́n láti gbé kalẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún níwájú wọn bí ọmọdé. Wọn ò ní kí n dákẹ́. Wọ́n kàn sọ pé, “Bó o bá jẹ, màá jẹ. Ojú kì í ti ẹni méjì bó ṣe ń ti ẹnì kan.”

Àwọn fúnra wọn ló gbé ìrẹsì tó kù nígbà sààrì. Wọ́n bu sàláàdì sí i, wọ́n da kíríìmù lé e láìtọ́ ọ wò, wọ́n tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú ilé ìdáná níbẹ̀, a sì jókòó sídìí àwo kan ṣoṣo. Omi ni mo kọ́kọ́ mu. Mo mu ún bí ẹni tó jí i. Màmá fi ṣíbí bu ìrẹsì, wọ́n gbé e dé ẹnu, wọ́n sì jẹ ẹ́. Wọ́n tún bu òmíràn. Mo gbọ́ bí oòrùn ṣe ń ta páànù lókè wa, mo sì gbọ́ bí kábéèjì ṣe ń dún lẹ́nu àwa méjèèjì.

Ẹnì kan kan ìlẹ̀kùn. Mo ti na ọwọ́ láti ti àwo náà sábẹ́ tábìlì, ni Màmá di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n gbé ohùn sókè, ohùn tí mi ò gbọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ọsibítù dé, wọ́n ní, “Ta nìyẹn? Wọlé, wá bá wa jẹun!”

Mojíre ni. Ó ṣí ìlẹ̀kùn, ó rí wa nílẹ̀, Alhájà àti ìyàwó ọmọ wọn, nídìí ìrẹsì, nínú Ràmàdáànì, oòrùn ṣì wà lókè. Mo wo ojú rẹ̀. Ó fà sẹ́yìn díẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Á gba ibi ire o, Màmá.” Ó sì fa ìlẹ̀kùn dé wẹ́rẹ́.

Màmá jẹ ìrẹsì yẹn tán. Wọ́n lo oògùn wọn, wọ́n dúró tì mí títí mo fi lo tèmi. Mojíre ló bá mi ta sàláàdì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní ẹnikẹ́ni ò ráhùn. Mi ò tíì gbádùn tán, mi ò sì tíì padà sẹ́nu ààwẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ni màá san án, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Mo gbàyè níléèwé títí di ọjọ́rú. Ó ṣì rẹ̀ mí o, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ẹ́ pé ó ti tán lára mi. Ṣùgbọ́n mo sùn dáadáa lálẹ́ àná.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Bá mi kí ìyá rẹ, sọ fún wọn pé mo rí ẹ̀wà tí wọ́n fi ránṣẹ́, Ọlọ́run á fi kún un fún wọn. Kí àbúrò rẹ náà tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Bó o bá gbìyànjú kíríìmù náà, má gbójú lé ojú rẹ o, wá ahọ́n. Mo fẹ́ kọ jù báyìí lọ, ṣùgbọ́n Màmá ti ń pè mí láti inú yàrá. Ọ̀sán ti pọ́n, wọ́n ti bu oúnjẹ, wọ́n ní àwọn ò lè dá jẹ ẹ́.

                                        Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yẹ̀,
                                        Fàòsíyà
                                        (Ìyá Fọláyọ̀)